Omi Tí Kò Níyọ̀ Nínú

Bí ẹ bá gbé omi fún Fẹ́kọ́mi Akínlẹ́yẹ, kò ní mu ún lójú ẹsẹ̀. Yóò kọ́kọ́ gbé ife náà síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, yóò yí i díẹ̀, yóò wá wò ó bí ìyá ọkọ ṣe ń wo ìyàwó tuntun. Ìgbà tí ojú bá gbà á tán ni ọ̀fun tó lè gbà á. Àwọn ará àdúgbò rẹ̀ ní Baruwa ti mọ ìwà yìí mọ́ ọn. Àwọn kan ní ìgbéraga ni, pé ta ní ń jẹ́ Fẹ́kọ́mi tí omi tí gbogbo wa jọ ń rà lọ́wọ́ ọlọ́mọlańkẹ kò fi ní tó o mu. Kì í ṣe ìgbéraga. Iṣẹ́ tó ti ń ṣe láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ló kọ́ ojú rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ náà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí. Ojú ni kò tíì gbọ́.

Iléeṣẹ́ amúnáwá kékeré kan wà lẹ́yìn Igando, níbi tí ilẹ̀ ti ń rọ̀ lọ sétí odò. Iná tó ń ṣe kì í wọ ilé ẹnikẹ́ni. Àwọn iléeṣẹ́ tó yí i ká ló ń lò ó. Omi ni wọ́n ń sè níbẹ̀. Wọ́n ń sè é nínú bọ́ílà títí yóò fi di ooru líle, ooru náà ni yóò máa fẹ́ lu àwọn abẹ́ ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n ń pè ní tọ́báìnì, tí ẹ̀rọ yóò fi máa yí, tí iná yóò fi jáde. Ẹni tí kò mọ̀dí iṣẹ́ yóò rò pé omi kómi ló lè ṣe é. Rárá o. Omi tí à ń mu, bó ti wù kó mọ́ tó, iyọ̀ ilẹ̀ wà nínú rẹ̀, ojú ni kò rí i. Bí irú omi bẹ́ẹ̀ bá di ooru, ó lè gbé iyọ̀ náà dání lọ sórí abẹ́ tọ́báìnì, yóò lẹ̀ mọ́ ọn bí èépá, yóò sì máa jẹ irin náà díẹ̀díẹ̀. Irin tí ooru gbígbóná kò rí pa, iyọ̀ lè pa á.

Fẹ́kọ́mi ni wọ́n fi ṣọ́ omi náà. Inú yàrá kékeré kan ni ó máa ń wà, tí wọ́n ń pè ní láàbù, níbi tí àwọn páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ ti ń kán omi wálẹ̀ láti oríṣiríṣi ibi nínú ẹ̀rọ: omi tó ń wọ bọ́ílà, ooru tó jáde níbẹ̀ tí wọ́n ti mú tutù, omi tó ń padà bọ̀. Omi tó mọ́ tónítóní kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé iná kọjá. Bí iyọ̀ bá wọ̀ ọ́, ó di ọ̀nà fún iná. Nítorí náà mítà kan wà lára ògiri tó ń fi nọ́ńbà sọ bí iná ṣe ń rọ́nà gbà nínú omi tó. Bí nọ́ńbà bá kéré, ara dẹ̀. Bó bá gòkè, ìjà dé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é ní Ìyá Olómi, orúkọ náà sì dùn mọ́ ọn ju bó ṣe ń fi hàn lọ.

Ọmọ Oǹdó ni. Adéwọlé ọkọ rẹ̀, tíṣà níléèwé gíga kan ní Òkè-Odò, ọmọ Èkìtì ni, ẹlẹ́nu ṣókí tó jẹ́ pé gbólóhùn kan rẹ̀ lè tó èèyàn í rò dọ̀la. Ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà ni Adéwọlé ń lọ ní tirẹ̀. Fẹ́kọ́mi wọ ẹgbẹ́ aláṣọ funfun nígbà tó ń wá ọmọ, tí ó ti wá a títí, tí àwọn àna rẹ̀ ti ń fi ojú sọ ohun tí ẹnu wọn kò sọ. Obìnrin àgbàlagbà kan ní Baruwa, Wòlíì Agnes, tí gbogbo ìjọ ń pè ní Ìyá Wòlíì, ló gbé ọwọ́ lé e nínú, tó gbààwẹ̀ nítorí rẹ̀ bí ẹni pé òun gan-an ló yàgàn. Hephzibah ni wọ́n bí. Láti ọjọ́ náà ni Fẹ́kọ́mi kò ti lè wo ojú Ìyá Wòlíì kí ó sọ pé rárá. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ibẹ̀ ni ìdí ọ̀rọ̀ wà.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ọ̀ràn bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ooru bá ti lu tọ́báìnì tán, wọn kì í jẹ́ kó ṣòfò. Wọ́n ń darí rẹ̀ sínú àgbá ńlá kan tó kún fún páìpù wẹ́wẹ́. Omi odò tútù ń gba inú páìpù kọjá, ooru ń fara kan ẹ̀yìn páìpù, ó ń tutù padà di omi mímọ́ tí wọn yóò tún sè. Omi odò àti omi mímọ́ kò gbọdọ̀ fojú kanra wọn. Ṣùgbọ́n páìpù ń gbó bí èèyàn ṣe ń gbó, odò yẹn sì máa ń níyọ̀ lẹ́ẹ̀rùn, nígbà tí kò sí òjò tí yóò ti omi ọ̀sà padà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Fẹ́kọ́mi dé láàbù, ó rí i pé nọ́ńbà ti gòkè. Ó fọ ìgò àyẹ̀wò rẹ̀, ó tún omi bù, ó kán oògùn tí wọ́n fi ń wá iyọ̀ sí i. Omi náà ṣe funfun bí omidùn. Iyọ̀ ti wọ omi.

Ó gba ọ́fíìsì ọ̀gá lọ. Dáníẹ́lì Olúbọ̀dé ni ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà, ọkùnrin tó kéré sí i lọ́jọ́ orí, tó mọ èèyàn í kí, tó sì mọ bí a ṣe ń rẹ́rìn-ín jáde nínú ohun tó bá le.

"Sà, páìpù kan ti lu nínú àgbá ìtútù," Fẹ́kọ́mi wí. "Omi odò ń wọlé. Ó yẹ ká pa ẹ̀rọ ká dí i."

"Ká pa kí ni? Ìyá Olómi, ẹ ṣàánú mi jàre. Tí àwọn oníléeṣẹ́ yìí ò bá ríná lónìí, wọ́n á jẹ mí láàyè. Ẹ jẹ́ n pe Jàfárù ná."

Jàfárù ni olórí àwọn mẹkáníìkì. Ó mọ ohun tí wọ́n ń bi í kó tó wọlé. Ó rán ọkọ̀ sí ilé ìlagi kan ní Òkè-Odò, wọ́n di ìyẹ̀fun pákó sínú àpò, ó sì dà á díẹ̀díẹ̀ sínú omi odò tó ń wọ àwọn páìpù. Ọgbọ́n àtijọ́ ni. Ibi tí páìpù bá ti lu máa ń fa omi mọ́ra, yóò fa ìyẹ̀fun pákó náà pẹ̀lú, ìyẹ̀fun yóò sì dí i fún ìgbà díẹ̀. Àlẹ̀mọ́ lójú egbò ni, kì í ṣe ìwòsàn. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ náà, bí Fẹ́kọ́mi ṣe fẹ́ jáde ní ọ́fíìsì, Olúbọ̀dé pè é padà. Ó ní ẹ̀rọ yìí ti ń dákú jù lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, pé ẹ̀rù ti ń ba àwọn òṣìṣẹ́, pé àwọn kan ti ń sọ pé ayé ló wà nídìí ẹ̀. "Ẹ̀yin aláṣọ funfun, ṣebí ẹ mọ àdúrà í gbà. Ẹ bá mi pe Ìyá yín wá, kí wọ́n wá yà á sí mímọ́ fún wa. Kí ọkàn àwọn èèyàn balẹ̀ ṣá." Ẹ rántí ẹni tó pè wọ́n o. Òun fúnra rẹ̀ kò ní pẹ́ gbàgbé.

Inú Fẹ́kọ́mi dùn. Ó gba Baruwa lọ, ó kúnlẹ̀ jíṣẹ́. Ìyá Wòlíì gbọ́, ó gbọn orí, ó ní kí wọ́n wá omi àti iyọ̀, pé bí Èlíṣà ṣe fi iyọ̀ wo omi Jẹ́ríkò sàn ni òun yóò fi wo ẹ̀rọ yẹn sàn.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," Fẹ́kọ́mi wí, kò sì tíì dìde lórí ìkúnlẹ̀. "Iyọ̀ gan-an lọ̀tá ẹ̀rọ yẹn. Tí wọ́n bá rí iyọ̀ lọ́wọ́ wa níbẹ̀, wọ́n á ní a wá pa á ni."

Ìyá Wòlíì wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ yìí, ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ Ọlọ́run níṣẹ́ ni? Ó dáa. Mú omi tìẹ wá. Ọlọ́run tó ni iyọ̀ náà ló ni omi."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Fẹ́kọ́mi yóò jiyàn pẹ̀lú rẹ̀, ìgbà náà ni Ìyá sì gbà fún un. Kẹ́ẹ̀gì kan ni ó fi bu omi nínú láàbù, omi tó mọ́ jù lọ tí ènìyàn lè rí ní gbogbo Alimosho, tí kò ní iyọ̀, tí kò ní èérí, tí kò tilẹ̀ ní adùn lẹ́nu. Omi náà ni wọ́n gbàdúrà sí. Òun àti Ìyá Wòlíì nìkan ló mọ ibi tí ó ti wá.

Ọjọ́ tí wọ́n wá, aṣọ́bodè ní ẹnikẹ́ni kò lè wọlé láìwọ bàtà iṣẹ́ tó ní irin lẹ́nu. Aláṣọ funfun kì í wọ bàtà sáṣọ àdúrà. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí, Olúbọ̀dé ló jáde wá tó ní kí wọ́n fi wọ́n sílẹ̀. Báyìí ni Ìyá Wòlíì ṣe rìn láìwọ bàtà yípo tọ́báìnì náà, àwọn ọmọ ìjọ ń kọrin lẹ́yìn rẹ̀, ó ń fi imọ̀ ọ̀pẹ wọ́n omi sára irin àti sílẹ̀. Ara irin ló wọ́n ọn sí o. Ibi tí omi kan lè gbà wọ inú ẹ̀rọ yẹn kò sí, ó ti dí pinpin. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ìyẹ̀fun pákó tí Jàfárù ti ń dà látọjọ́ yìí ti rí ojú ihò, nọ́ńbà ara ògiri sì bẹ̀rẹ̀ sí wálẹ̀. Fẹ́kọ́mi wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run àti lọ́wọ́ ìyẹ̀fun pákó. Kò rí ohun tó burú nínú kí èèyàn dúpẹ́ lọ́wọ́ méjèèjì.

Lọ́jọ́ ìsinmi, àkókò ìjẹ́rìí dé. Ìyá Wòlíì fúnra rẹ̀ ló gba máìkì. Ó sọ bí wọ́n ṣe wọ iléeṣẹ́ ńlá, bí àwọn ọmọwé ṣe ti kógbá sílé, bí òun ṣe bu iyọ̀ sómi bíi ti Èlíṣà, tí omi oníyọ̀ náà sì wọ inú ikùn ẹ̀rọ lọ, tí ẹ̀rọ náà mí kanlẹ̀, tí ara rẹ̀ dá. Ìjọ hó yèè. Fẹ́kọ́mi gbọ́ "iyọ̀," ó gbórí sókè. Kó tó mọ ohun tí yóò ṣe, Ìyá Wòlíì ti na máìkì sí i. "Ọmọ mi tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ nìyí. Ṣé mo purọ́, Fẹ́kọ́mi?"

Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ ti na fóònù sókè. Gbogbo ojú wà lára rẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá," ó wí. "Bí Màmá ṣe sọ ọ́ ló rí. Nọ́ńbà wálẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Hallelúyà!"

Ẹ̀yin tí ẹ ń mi orí pé ẹ̀yin ì bá sọ òtítọ́, ẹ dúró ná, kí ẹni tó gbààwẹ̀ bí ọmọ fún yín fi máìkì há yín lẹ́nu níwájú ìjọ. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́. Fẹ́kọ́mi mọ̀ pé tòun ti bọ́, ṣùgbọ́n ó rò pé orí ẹní ló bọ́ sí. Kí ni wọ́n máa fi ẹ̀rí ilé àdúrà ṣe lẹ́yìn òde? Ìyókù omi kẹ́ẹ̀gì náà, wọ́n dà á sínú dúrọ́ọ̀mù kan lẹ́bàá pẹpẹ, wọ́n ń fi omi kànga ìjọ là á, wọ́n ń pè é ní Omi Jẹ́ríkò. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ti Ìkòtún àti Ẹgbẹ́dá gbé ìgò wá bù ú. Àwọn kan ní ara àwọn yá. Ta ni èmi tí n ó ní ara wọn kò yá?

Kò pẹ́ tí ìyẹ̀fun pákó jẹrà, tí ihò náà tún là. Ẹ̀ẹ̀rùn ti wọra gan-an nígbà yẹn, omi odò ti dà bí omi òkun. Nọ́ńbà fò sókè ju ti àkọ́kọ́ lọ. Fẹ́kọ́mi lọ bá ọ̀gá, ọ̀gá ní òun gbọ́. Ó tún lọ lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá ní bóyá mítà ló ń purọ́. Ó lọ títí tí ọ̀gá fi kọ etí ikún sí i, tó tilẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú àwọn òṣìṣẹ́: "Ìyá Olómi, ṣebí ẹ mọ Ìyá Wòlíì. Ẹ tún lọ bu omi wá ná!" Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Jàfárù kò rẹ́rìn-ín. Agogo ìkìlọ̀ tó ń ké nínú láàbù, Olúbọ̀dé ní kí wọ́n yọ wáyà rẹ̀, pé ó ń fọ́ òun lórí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tọ́báìnì náà ké. Àwọn tó gbọ́ ọ ní kò jọ igbe irin. Abẹ́ kan ló já nínú rẹ̀, tó fọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kiri kí wọ́n tó rí ẹ̀rọ dá dúró. A dúpẹ́ pé kò pa èèyàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà ti di òkú, wọ́n sì ní kí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ máa lọ sílé. Nígbà tí wọ́n tú u, iyọ̀ funfun wà lára àwọn abẹ́ náà gbàǹgbà, ó lẹ̀ mọ́ wọn bí ìdí ìkòkò tí wọn ò fọ̀. Kí àwọn tó ni iléeṣẹ́ tó dé láti Erékùṣù Èkó, Olúbọ̀dé ti mú kí Jàfárù yọ àwọn páìpù tó lu, kó fi tuntun sí i. Àwọn ògbólógbòó páìpù náà, ẹnikẹ́ni kò rí wọn mọ́.

Alhaja Mubarakah ni olórí àwọn tó wá wádìí ọ̀rọ̀. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, kì í pariwo, ó ń tẹ́tí sí tọ̀tún tòsì. Olúbọ̀dé kò bá a sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó kàn fi fídíò ìjẹ́rìí tí àwọn ọ̀dọ́ ìjọ ti pín kiri hàn án lórí fóònù rẹ̀. Ìyá Wòlíì ló wà níbẹ̀ nínú aṣọ funfun, ó ń sọ bí omi oníyọ̀ ṣe wọ inú ikùn ẹ̀rọ. Lẹ́yìn náà ojú Fẹ́kọ́mi kún fóònù náà: "Bí Màmá ṣe sọ ọ́ ló rí. Hallelúyà!"

"Èmi ò pe ìjọ kankan o, Alhaja," Olúbọ̀dé wí. "Àwọn ni wọ́n bẹ̀ mí. Ọ̀wọ̀ tí mo ní fún Ìyá Olómi ló jẹ́ kí n gbà wọ́n láyè. Mi ò mọ̀ pé wọ́n á ki iyọ̀ bọ ẹ̀rọ."

Fẹ́kọ́mi dìde. Ó sọ nípa omi odò, nípa páìpù tó lu, nípa ìyẹ̀fun pákó, nípa agogo tí wọ́n yọ wáyà rẹ̀. "Ẹ wo nọ́ńbà inú kọ̀ǹpútà, Alhaja. Ó wà níbẹ̀."

"A ti wò ó," Alhaja wí. "Nọ́ńbà sọ pé iyọ̀ wọlé. Nọ́ńbà ò sọ ẹni tó bù ú sí i."

"Jàfárù mọ̀. Jàfárù, ẹ jọ̀ọ́."

Jàfárù ń wo bàtà rẹ̀. Ó ní páìpù tí òun fi síbẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló dáa. Òótọ́ ni, tuntun ni wọ́n. Ó ní òun kò rántí ọ̀rọ̀ ìyẹ̀fun pákó kankan. Ọkùnrin náà ní ìyàwó méjì àti ọmọ nílé. Bóyá èmi náà ì bá wo bàtà mi. Ṣùgbọ́n ó dùn mí, n kò ní parọ́ fún yín.

"Alhaja, kò síyọ̀ nínú omi tí a gbé wá," Fẹ́kọ́mi wí. "Omi láàbù yìí gan-an ni. Ìyá Wòlíì mọ̀. Inú dúrọ́ọ̀mù ìjọ la da ìyókù sí."

"Ṣùgbọ́n ẹ ní iyọ̀ wà níbẹ̀. Ẹnu yín ni mo gbọ́."

"Ilé ìjọsìn nìyẹn, Alhaja."

Alhaja Mubarakah gbé fóònù náà kalẹ̀. Lójú tirẹ̀, kò tíì sí ohun tó burú ju èsì yẹn lọ. Síbẹ̀ ó fún un láyè. Ó ní kí ó mú Ìyá Wòlíì wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí Ìyá náà gbé omi tó fi ń yà nǹkan sí mímọ́ wá. Bí omi kò bá níyọ̀, àwọn yóò gbọ́ tirẹ̀, àwọn yóò sì wádìí ọ̀gá. Bó bá níyọ̀, kò sí ẹjọ́ mọ́.

Ìrètí kan ṣoṣo tó kù fún Fẹ́kọ́mi nìyẹn. Ó ti ibẹ̀ gba Baruwa tààrà. Àwọn èèyàn tò pẹ̀lú ìgò níwájú ìjọ, ó gba àárín wọn kọjá, ó bá Ìyá Wòlíì lórí àga rẹ̀, ó kúnlẹ̀.

"Màmá, ẹ gbà mí. Ẹ wá sọ fún wọn pé kò síyọ̀ nínú omi ọjọ́ yẹn. Ẹ̀yin àti èmi nìkan la mọ̀."

Ìyá Wòlíì wo àwọn tó tò níta. "Ó ti di ẹ̀rí, Fẹ́kọ́mi," ó wí. "Àwọn èèyàn tó wà níta yẹn, ẹ̀rí yẹn ni wọ́n gbá mú. Ṣé kí n wá dúró níwájú àwọn aláìgbàgbọ́, kí n ní mo purọ́ lórí pẹpẹ?"

"Màmá, orúkọ mi ni o. Wọ́n ní èmi ni mo ba ẹ̀rọ jẹ́. Kò síbi tó máa gbà mí síṣẹ́ mọ́ láyé." Omijé ti gba ojú rẹ̀. "Ẹ má sọ pé ẹ purọ́. Ẹ má tiẹ̀ sọ nǹkan kan. Ẹ kàn gbé omi yẹn wá kí wọ́n dán an wò. Omi kànga tí ẹ fi là á ò níyọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Omi fúnra ẹ̀ á sọ̀rọ̀."

Ìyá Wòlíì wo dúrọ́ọ̀mù tó wà lẹ́bàá pẹpẹ, ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ dá bí ojú ẹni tí ẹrù bọ́ lórí rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé Fẹ́kọ́mi lórí. "Omi fúnra ẹ̀ á sọ̀rọ̀. O wí ire. Máa lọ sílé, ọmọ mi. Màá wá. Mi ò sì ní purọ́."

Fẹ́kọ́mi délé, ó sọ fún ọkọ rẹ̀. Adéwọlé ń máàkì ìwé àwọn ọmọ iléèwé, ó gbé bírò sílẹ̀.

"Ìyá Hephzibah, ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ẹnu wọn ni wọ́n fi sọ ọ́ pé àwọn ò ní purọ́."

"Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn," Adéwọlé wí. Fẹ́kọ́mi bínú sí i, ó ní ọ̀rọ̀ Áńgílíkà ló ń sọ, kò sì bá a sọ̀rọ̀ mọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ọjọ́ pé. Ìyá Wòlíì dé ẹnu ọ̀nà nínú aṣọ funfun, láìwọ bàtà, pẹ̀lú ìgò omi lọ́wọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, aṣọ́bodè kò bá a jiyàn, nítorí kò sí ẹ̀rọ kankan tó ń ṣiṣẹ́ nínú lọ́hùn-ún tó lè ṣe èèyàn léṣe. Wọ́n jókòó sí láàbù. Alhaja Mubarakah ní kí Fẹ́kọ́mi fúnra rẹ̀ dán omi náà wò, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé wọ́n gbé e gẹṣin aáyán. Fẹ́kọ́mi dúpẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ balẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí ọ̀ràn yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ó bu omi sínú ìgò kékeré, ó gbé e síbi ìmọ́lẹ̀, ó mọ́ lójú. Ó kán oògùn sí i.

Omi náà funfun lójijì. Kò ṣe bí omidùn bí i tọjọ́sí. Ó ṣù bí wàrà tó bàjẹ́, ó ń rọ̀ sísàlẹ̀ ìgò.

Fẹ́kọ́mi fọ ìgò mìíràn. Ó tún un ṣe. Ó mú mítà kékeré, ó tì í bọ inú omi, nọ́ńbà sáré gòkè títí ó fi kọjá ibi tí mítà lè kà dé. Ó ti ìka bọ̀ ọ́, ó fi kan ahọ́n. Gbogbo wọn ń dúró de ẹni tó mọ omi jù láàárín wọn.

"Ìyá Olómi, kí lẹ rí?" Alhaja bi í.

Ó ti lè purọ́ níbẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó mọ ohun tí funfun yẹn túmọ̀ sí àfi Olúbọ̀dé, Olúbọ̀dé fúnra rẹ̀ sì ti yanu, nítorí òun mọ̀ dájú pé omi àdúrà kọ́ ló ba ẹ̀rọ jẹ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ọjọ́ tí Fẹ́kọ́mi ti fi ṣe iṣẹ́ yìí, kò sọ ju ohun tí omi bá sọ lọ rí, kò sì sọ dín. "Iyọ̀ wà nínú rẹ̀," ó wí.

Alhaja yíjú sí Ìyá Wòlíì. "Màmá, ṣé omi tí ẹ fi ń yà á sí mímọ́ nìyí? Ṣé iyọ̀ wà níbẹ̀?"

"Òun ni. Iyọ̀ wà níbẹ̀," Ìyá Wòlíì dáhùn, orí rẹ̀ dúró gbọn-in. Alhaja dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó ní ẹjọ́ ti parí. Olúbọ̀dé kò lè wo ẹnikẹ́ni lójú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí di òní.

Ìta ẹnu ọ̀nà ni Fẹ́kọ́mi ti bá Ìyá Wòlíì, lábẹ́ igi tí wọ́n ti ń dúró de ọkọ̀ Igando. "Màmá," ó wí, kò sì mọ ohun tí yóò fi tẹ̀lé e. "Màmá, omi yẹn…"

"Mo mọ̀," Ìyá Wòlíì wí jẹ́jẹ́. "Nígbà tí o lọ tán lọ́jọ́ yẹn, mo bu iyọ̀ sí i. Mo bù ú dáadáa. O ní omi fúnra ẹ̀ á sọ̀rọ̀, mo sì rí i pé Ẹ̀mí ló gba ẹnu ẹ sọ ọ́. Láti ìgbà tí mo ti jẹ́ ẹ̀rí yẹn ni ọkàn mi ò ti balẹ̀, pé mo sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ nílé Ọlọ́run. Ó ti rí bẹ́ẹ̀ báyìí. Kò sẹ́ni tó máa lè sọ pé ìwọ àtèmi purọ́ lórí pẹpẹ mọ́. Iṣẹ́ á tún wá. Ọlọ́run tó fún ọ ní Hephzibah ò ní gbàgbé ẹ."

Ó gbé ọwọ́ sókè láti súre fún un. Ọwọ́ kan náà ni, èyí tó gbé lé e nínú nígbà tí ilé ọkọ ń fojú sọ̀rọ̀ sí i. Orúnkún Fẹ́kọ́mi ti kanlẹ̀ nínú eruku bó ṣe máa ń kanlẹ̀. Ó fẹ́ pariwo, ó fẹ́ já ìgò yẹn gbà kó fọ́ ọ mọ́lẹ̀. Ìyá Wòlíì gbàdúrà náà dópin, ó sì dúró, ó ń retí. Kí Fẹ́kọ́mi tó mọ̀, ẹnu rẹ̀ ti sọ pé, "Àmín, Màmá."